Lẹ́yìn tí wọ́n bá gé POP: iṣẹ́ tó kù lára ẹsẹ̀

Ọjọ́ tí wọ́n bá gé POP, símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi di eegun tó kán, kúrò lẹ́sẹ̀ ni àyà ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń já. Ọjọ́ ayọ̀ ni wọ́n ti pè é tẹ́lẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe bojú wolẹ̀ tí wọ́n rí itan tó ti joro, awọ tó ń bó bí èèpo àlùbọ́sà, orúnkún tó yarí pé òun ò ní ká. Dókítà gbé fọ́tò X-ray sókè, ó ní eegun ti so pọ̀. Ẹsẹ̀ ní tòun ò lè gbé ẹni tó ni ín dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn méjèèjì ò parọ́, àárín wọn sì ni iṣẹ́ àwọn físíò wà, àwọn tó ń mú kí iṣan àti oríkèé padà máa ṣiṣẹ́.

Ìlú Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ ọ̀rọ̀ yìí ju bí ó ṣe yẹ kí ìlú kankan mọ̀ ọ́n lọ. Ní ọjọ́ Àìkú, 5 oṣù Kẹfà, ọdún 2022, àwọn agbébọn ya wọ ìjọ Kátólíìkì St. Francis, wọ́n yìnbọn, wọ́n ju àdó olóró. Nígbà tí Rotimi Akeredolu, gómìnà ìgbà náà, ọmọ Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀, fi máa ka iye wọn lọ́sẹ̀ yẹn, èèyàn 40 ló ti kú, 61 ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀, FMC Ọ̀wọ̀, àti ọsibítù St. Louis wà lára ibi tí wọ́n kó wọn lọ. Àwọn oníròyìn ka òkú, wọ́n ka àwọn tí wọ́n ti dá sílẹ̀, wọ́n sì palẹ̀ kámẹ́rà wọn mọ́. Lára àwọn tó yè, a rí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí kámẹ́rà lọ.

Àwọn físíò á máa fi báńdéèjì tó ń fà di kùkùté ẹsẹ̀ náà, kí wíwú rẹ̀ lè lọ sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá lè bá a mu tó bá yá. Wọn á ní kí ó máa dojú bolẹ̀ sùn fún ìgbà díẹ̀ lójúmọ́, nítorí tó bá ń jókòó ṣáá, iṣan ibàdí á sún kì, itan ò sì ní lè nà tán mọ́. Wọn á máa fi òwú pa ojú ibẹ̀. Tó bá ti mọ́ ọn lára, wọn á fi táwẹ́ẹ̀lì, títí awọ yóò fi gbà kí nǹkan kàn án.

Èyí tó ń ya èèyàn lẹ́nu jù ni pé ẹsẹ̀ tí wọ́n ti gé lọ ṣì máa ń ro ẹni tó ni ín. Ọmọ-ìka tí kò sí mọ́ á máa yún un lóru. Àwọn mìíràn ò jẹ́ sọ ọ́ síta, kí ará ilé má baà ní orí wọn ti dàrú. Ọpọlọ ló fà á: àyè tó yà sọ́tọ̀ fún ẹsẹ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, V. S. Ramachandran, onímọ̀ ọpọlọ ọmọ Íńdíà tó wà ní Amẹ́ríkà, dán an wò fún àwọn tí wọ́n gé lọ́wọ́: ó gbé dígí sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tó kù, kí ti inú dígí lè dà bí èyí tí wọ́n gé. Bí aláìsàn ṣe ń mi ọ̀kan, ojú ń rí méjì. Ó tu àwọn kan lára. Kò ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn.

Àmọ́ jàǹbá ọ̀kadà ni tiwa lójoojúmọ́, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́, àti láti Ìfọ́n títí dé ọ̀nà Benin. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fara pa ni kì í kọ́kọ́ gba ọsibítù lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun ni wọ́n ń yà sí. Èmi ò bá wọn jà. Ọwọ́ wọn mọ eegun, owó wọn ò pọ̀, wọ́n sì wà nítòsí. Ọparun tí wọ́n fi okùn há mọ́ ẹsẹ̀ ni ìjà mi. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán á máa wú. Bí igi ò bá fún un láyè, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá. Bí ọmọ-ìka bá tutù, tó kú tipiri, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, tí ìrora ń pọ̀ sí i, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gba ọsibítù lọ. Láàárín bíi wákàtí mẹ́fà ni iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fi ń kú. Ẹsẹ̀ tí ì bá so pọ̀ ni wọ́n á wá gé.

Kí ló wá dé tí físíò ò fi jẹ́ kéèyàn sinmi? Oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì kan, Julius Wolff, ti kọ ọ́ sínú ìwé ní 1892 pé eegun a máa mọ ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹrù tí wọ́n bá gbé lé e: èyí tó ń ṣiṣẹ́ á le, èyí tó ń sinmi á fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣan. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún orúnkún tó gan ṣe. Wọ́n á ká táwẹ́ẹ̀lì róbótó sábẹ́ rẹ̀. "Mà, ẹ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ má sé èémí." Wọ́n á ka oókan dé aárùn-ún, wọ́n á ní kó sinmi, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wò lókèèrè á ní kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Òógùn ti bo aláìsàn lójú.

Ẹ̀yìn ríro náà ńkọ́, tí eegun kankan ò kán nínú rẹ̀? Èèyàn mílíọ̀nù 619 ló ń bá a yí kárí ayé ní 2020. Ẹni tó fi gbogbo àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ ro oko kòkó l'Ọ̀sẹ́ mọ̀ ọ́n. A máa ń fi àbóníkì pa á, a sì máa ń dùbúlẹ̀. Nínú ìlànà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2023, eré ìdárayá wà lára ohun tí wọ́n dábàá fún èyí tó ti pẹ́ lára. Bẹ́líìtì tí wọ́n ń so mọ́ ìdí kò sí lára ohun tí wọ́n dábàá.

Ogun Àgbáyé Kejì ló bí iṣẹ́ físíò fún wa: ní 1945 ni ọsibítù eegun Ìgbóbì l'Ékòó bẹ̀rẹ̀, láti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ni gboyè ní 1966. Àmọ́ ohun tó ń dá ará Ìdòàní tàbí Ìfọ́n dúró láti lọ sọ́dọ̀ físíò kò ju owó ọkọ̀ lọ, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún oṣù bíi mélòó kan. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò ní ọsibítù, ẹ ní kí físíò fi èyí tí ẹ lè máa ṣe nílé hàn yín. Ẹni tó bá sìn yín lọ, kí ó má jókòó síta. Kí ó wọlé wò ó, nítorí òun ni yóò máa ka oókan dé aárùn-ún fún yín nílé.