Ẹ̀rọ Amúnáwá: Ìta Ni Ààyè Rẹ̀

Ní Ifangni, bí iná SBEE bá lọ lálẹ́, ẹ óò gbọ́ ariwo ẹ̀rọ amúnáwá láti ilé dé ilé. Àwọn kan ń pè é ní jẹnẹrétọ̀, àwọn mìíràn ń pè é ní gúrúpù. Aránṣọ ń fi í ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ta omi tútù ń fi í mú fíríìjì ṣiṣẹ́. Bí a bá ń ṣe ìnáwó, òun ni a fi ń tanná. Ẹ̀rọ tó wúlò ni. Ṣùgbọ́n ó lè pa gbogbo ará ilé kan lóru ọjọ́ kan ṣoṣo.

Kí ló ń pa ènìyàn?

Ẹ̀rọ tó ń jó epo bẹntiróòlù ń tú èéfín jáde. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín náà. Monoxyde de carbone ni orúkọ rẹ̀ lédè Faransé. A kò lè fi ojú rí i. Kò ní òórùn. Kì í ta ni lójú.

Bí a bá fà á símú, ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé afẹ́fẹ́ rere kiri ara. Afẹ́fẹ́ olóró yìí á gba ààyè afẹ́fẹ́ rere lára ẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ àti ọkàn kò ní rí èyí tó tó wọn mọ́. Ẹni tó sùn lè má jí.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ní Yenagoa ní Nàìjíríà, wọ́n bá òkú àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan nínú yàrá tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sùn mọ́jú. Èéfín ẹ̀rọ amúnáwá ni wọ́n fura sí.

Olè ńkọ́? Òjò ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé èéfín kò dára. Síbẹ̀, wọ́n ń gbé ẹ̀rọ náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ilé ìdáná, nítorí olè àti òjò. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ náà wọ́n. Ṣùgbọ́n a lè ra ẹ̀rọ mìíràn. A kò lè ra ọmọ. Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí:

1. Ẹ gbé e sí ìta gbangba, kí ó jìnnà sí ilé tó mítà 6, ó kéré tán. Èyí tó bí ìṣísẹ̀ àgbàlagbà 10. Ẹ ro ti ilé aládùúgbò náà.
2. Ẹ kọ ẹnu èéfín rẹ̀ sí ibi tí kò sí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn.
3. Nítorí olè, ẹ fi sìmẹ́ǹtì ri òpó irin mọ́lẹ̀. Ẹ fi ṣéènì àti àgádágodo de ẹ̀rọ náà mọ́ ọn.
4. Nítorí òjò, ẹ kan páànù sórí òpó mẹ́rin. Ẹ má ṣe mọ ògiri yí i ká.
5. Ẹ pa á kí ẹ tó sùn.

Ẹ má ṣe gbé e sínú ilé kí ẹ wá ṣí fèrèsé. Ṣíṣí fèrèsé kò tó. Fáànù náà kò tó.

Ṣé ibà ni, àbí èéfín?

Orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀: a mọ̀ wọ́n mọ́ ibà. Èéfín náà ń fà wọ́n. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, tí ara ẹni méjì tàbí mẹ́ta kò yá lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara wọn sì fúyẹ́ nígbà tí wọ́n jáde síta, ẹ fura sí èéfín. Ọmọdé, aboyún àti arúgbó ni ewu náà pọ̀ fún jù.

Ẹ tètè gbé wọn síta. Kí ẹni tó wọlé lọ gbé wọn má ṣe pẹ́ níbẹ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ náà. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ pé èéfín ẹ̀rọ ni, kí wọ́n lè fún wọn ní afẹ́fẹ́ rere. Ẹ má ṣe fún wọn ní epo pupa tàbí wàrà. Inú ẹ̀jẹ̀ ni oró náà wà, kì í ṣe inú ikùn.

Ẹ ṣọ́ra fún epo kpayo

Oru epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ó ń rìn nílẹ̀ títí yóò fi kan iná ààrò. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ ní ibi tí wọ́n ń kó epo kpayo sí ní Sèmè-Podji. Ó lé ní 30 ènìyàn tó kú.

1. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó rọ epo sí i.
2. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi ríran, kì í ṣe àtùpà tàbí àbẹ́là. Ẹ má ṣe mu sìgá níbẹ̀.
3. Ẹ má ṣe kó epo sí yàrá tàbí ẹ̀gbẹ́ ààrò. Ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò omi mímu. Ọmọdé lè gbé e mu.
4. Bí epo bá gbiná, iyanrìn ni kí ẹ dà sí i, kì í ṣe omi.

Wáyà iná

Ẹ má ṣe fi wáyà so ẹ̀rọ mọ́ ojú iná ara ògiri. Iná náà lè gba inú wáyà SBEE jáde, kó sì pa òṣìṣẹ́ tó ń tún un ṣe. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́, kí ó fi ohun tó ń ya iná méjèèjì sọ́tọ̀ sí i. Ẹ má sì fi ọwọ́ tútù kan ẹ̀rọ náà.

Ẹ jẹ́ ká jíròrò

1. Níbo ni ẹ̀rọ amúnáwá wà ní ilé yín?
2. Ta ló ń sùn sí tòsí rẹ̀?
3. Kí ni ẹ lè ṣe lọ́la kí ó lè kúrò níbẹ̀?