Àlàfo abẹ́ ọkọ̀ àti gígun àbáwọlé tí ó ga

Àlàfo abẹ́ ọkọ̀ ni ìwọ̀n tí ó wà láàárín ilẹ̀ àti ibi tí ó rẹlẹ̀ jù lọ lábẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, láìka táyà mọ́ ọn. Ìwọ̀n yìí, pẹ̀lú gígùn ọkọ̀ àti bí ilẹ̀ ṣe ga sí, ni ó ń pinnu bóyá ọkọ̀ yóò gun àbáwọlé ilé, bọ́ǹpù tàbí pèpéle orí gọ́tà láìjẹ́ pé iwájú, ikùn tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ha ilẹ̀. Ọkọ̀ eré sísá ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ, nítorí pé ṣe ni a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe wọ́n kí wọ́n rẹlẹ̀. Ní Ṣáṣá àti àwọn ìlú kéékèèké àyíká Ìbàdàn, ó tún kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí wọn kì í ṣe ti eré sísá rárá, nítorí pé àgbàrá òjò ti jẹ ojú ọ̀nà, ó sì ti sọ ẹnu géètì di òkè.

Ìdí tí ọkọ̀ kan fi rẹlẹ̀

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà pẹ̀lú eré, ìwúwo rẹ̀ máa ń fẹ́ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ òde. Bí ìwúwo náà bá ṣe súnmọ́ ilẹ̀ tó ni ọkọ̀ ṣe ń dúró ṣinṣin tó. Ara tí ó rẹlẹ̀ tún ń dín ìdènà afẹ́fẹ́ kù, ó sì ń dín afẹ́fẹ́ tí ń kọjá lábẹ́ ọkọ̀ kù, kí ọkọ̀ má baà fúyẹ́ nílẹ̀ nígbà tí eré bá pọ̀. Ọkọ̀ ìdíje Ford GT40 gba orúkọ rẹ̀ láti ara gíga rẹ̀, ìyẹn 40 ínṣì, tí í ṣe nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 102. Ọkọ̀ yìí ni ó gba ipò kìíní nínú ìdíje wákàtí 24 ti Le Mans ní ilẹ̀ Faransé lọ́dọọdún láti 1966 títí di 1969.

Àlàfo abẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ eré sísá wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 10 sí 13. Ti ọkọ̀ ilé lásán sábà máa ń wà láàárín 14 sí 17, nígbà tí ti jíìpù máa ń tó 20 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ilẹ̀ títẹ́jú, nígbà tí kò sí ẹrù nínú ọkọ̀, ni a ti ń wọn èyí. Bí ènìyàn mẹ́rin bá wọ ọkọ̀ tí wọ́n sì di ẹrù sí búùtù, sípíríìnì yóò tẹ̀, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan yóò sì lọ nínú àlàfo náà.

Igun mẹ́ta tí ó ṣe pàtàkì

Àlàfo nìkan kò tó láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ yóò kọjá. Igun mẹ́ta ni ó tún yẹ kí a mọ̀.

Igun iwájú ni òkè tí ó ga jù lọ tí táyà iwájú lè gùn kí ìsàlẹ̀ bọ́ńpà tó kàn án. Bí imú ọkọ̀ bá ṣe yọ síwájú táyà tó, bẹ́ẹ̀ ni igun yìí ṣe ń kéré sí i.

Igun ẹ̀yìn jẹ́ irú rẹ̀ ní apá ìdí ọkọ̀. Ó máa ń hàn nígbà tí iwájú ọkọ̀ ti gun òkè tán, tí táyà ẹ̀yìn ṣì wà ní ìsàlẹ̀: ìdí ọkọ̀ yóò tẹ̀ sílẹ̀, bọ́ńpà ẹ̀yìn tàbí ẹnu sáláńsà yóò sì ha ilẹ̀.

Igun ikùn ni ti àárín. Nígbà tí táyà iwájú bá ti kọjá ṣóńṣó òkè, tí ti ẹ̀yìn sì wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ikùn ọkọ̀ ni ó wà lórí ṣóńṣó náà. Ọkọ̀ tí ìjìnnà tí ó wà láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ bá gùn ni ó ń tètè há níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ gígùn kan fi lè há sórí òkè tí ọkọ̀ kúkurú tí àlàfo wọn dọ́gba kọjá láìfarakanlẹ̀.

Àpẹẹrẹ ìṣirò

Kí a mú ọkọ̀ kan tí àlàfo abẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12, tí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà sí ara wọn ní sẹ̀ǹtímítà 260, tí imú rẹ̀ sì yọ síwájú àárín táyà ní sẹ̀ǹtímítà 90. Igun iwájú rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bíi digírì 8. Igun ikùn rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bíi digírì 10 ààbọ̀.

Bí àbáwọlé ilé kan bá ga ní mítà 1 fún mítà 5 síwájú, òkè náà jẹ́ ìdá 20 nínú 100, ìyẹn digírì 11 àti díẹ̀. Ọkọ̀ yìí yóò kọ́kọ́ fi imú ha ìsàlẹ̀ òkè náà, nítorí pé 11 ju 8 lọ. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbé imú rẹ̀ kọjá, ikùn rẹ̀ yóò ha ní òkè, níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti pàdé ilẹ̀ títẹ́jú, nítorí pé 11 ju 10 ààbọ̀ lọ. Ọ̀nà ọlọ́dà pàápàá kì í tẹ́jú pátápátá: wọ́n máa ń mú àárín rẹ̀ ga díẹ̀ kí omi lè ṣàn sí gọ́tà. Bí ìdagẹ̀rẹ̀ yìí bá jẹ́ ìdá 3 nínú 100, ó ń fi nǹkan bíi digírì 2 kún òkè tí imú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gùn.

Ti bọ́ǹpù yàtọ̀ díẹ̀. Bọ́ǹpù kò fẹ̀ tó ìjìnnà táyà méjèèjì, nítorí náà gíga rẹ̀ gan-an ni ó ṣe pàtàkì. Bọ́ǹpù tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 kò ní kan ikùn ọkọ̀ tí a ń sọ yìí nígbà tí awakọ̀ nìkan wà nínú rẹ̀. Nígbà tí èrò mẹ́ta bá kún un, ó lè kàn án.

Ní Ṣáṣá àti àyíká rẹ̀

Ṣáṣá wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní apá àríwá Ìbàdàn. Ó múlé gbe Ọ̀jọ́ọ̀, ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Mọ́níyà, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, àti sí ìlú Ọ̀yọ́. Ọjà rẹ̀ gbajúmọ̀ fún tòmátì, ata àti àlùbọ́sà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, wà ní tòsí ibẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù, dáńfó, ọ̀kadà àti ọkọ̀ ilé ni wọ́n jọ ń pín ọ̀nà náà lò.

Ilẹ̀ Ìbàdàn jẹ́ ilẹ̀ olókè, a sì máa ń fi òkè dárúkọ àdúgbò níbẹ̀: Òkè Màpó, Òkè Àrẹ̀mọ, Òkè Àdó. Nínú oko àti abúlé tí ó ti di ìlú ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà inú àdúgbò kò ní ọ̀dà. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá ni òjò máa ń rọ̀ jù. Ọdọọdún ni àgbàrá ń wọ́ ilẹ̀ pupa ojú ọ̀nà lọ, tí ọ̀nà ń jìn, tí ẹnu géètì tí ó dọ́gba pẹ̀lú ọ̀nà nígbà tí wọ́n kọ́ ilé sì ń di ohun tí ó ga. Onílé a da kọ́ńkéré sí ẹnu géètì kí ọkọ̀ lè gùn ún. Bí àgbàrá bá tún jẹ ìdí kọ́ńkéré náà, etí rẹ̀ yóò dá dúró bí àtẹ̀gùn, ibẹ̀ sì ni bọ́ńpà ti ń fọ́.

Ní ibi tí ọ̀dà bá wà, ìṣòro náà lè gba ọ̀nà mìíràn wá. Bí wọ́n bá tẹ́ ọ̀dà tuntun lé ti àtijọ́ lórí, ọ̀nà yóò ga ju ilé lọ, àbáwọlé yóò sì di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ń sọ̀ kalẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò yàtọ̀: ikùn ni yóò kọ́kọ́ wà nínú ewu, imú ni yóò tẹ̀ lé e ní ìsàlẹ̀.

Ohun tí ó lè bàjẹ́

Kì í ṣe ọ̀dà ara ọkọ̀ nìkan ni ó ń lọ sí i. Lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ni àwo irin tí ọ́ìlì wà nínú rẹ̀ máa ń wà. Bí ó bá lu ilẹ̀, ó lè lanu díẹ̀, kí ọ́ìlì máa kán láìjẹ́ pé awakọ̀ mọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì bá tán nínú rẹ̀ yóò gbóná, irin yóò máa lọ irin, ẹ́ńjìnnì náà lè gan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, owó rẹ̀ sì pọ̀ ju ti bọ́ńpà lọ lọ́nà púpọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí awakọ̀ tí abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ bá lu ilẹ̀ gidigidi dúró, kí ó bẹ ìsàlẹ̀ wò, kí ó sì pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀ bí iná pupa ọ́ìlì bá tàn. Àwọn nǹkan mìíràn tí ó wà nínú ewu ni páìpù bíréèkì, páìpù epo, sáláńsà àti rédíétọ̀.

Bí a ṣe ń wakọ̀ gun òkè láìha ilẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wo ilẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá wà pẹ̀lú rẹ̀, kí onítọ̀hún dúró sí ẹ̀gbẹ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, kí ó sì máa fi ọwọ́ juwe. Èrò tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ yóò jẹ́ kí sípíríìnì gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí ó kù díẹ̀ náà nìyẹn.

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù ni láti gùn ún ní ìdábùú díẹ̀, kí táyà kan kọ́kọ́ gun òkè kí èkejì tó tẹ̀ lé e. Bí ènìyàn tí ó ru ẹrù kì í ti í dojú kọ òkè gangan, tí ó ń gba ẹ̀gbẹ́ gùn ún, bẹ́ẹ̀ náà ni òkè ń dínkù fún ọkọ̀ tí ó bá gbé ara dábùú. Òkè ìdá 20 nínú 100 di nǹkan bíi ìdá 17 fún ọkọ̀ tí ó bá yà ní digírì 30, ó sì di nǹkan bíi ìdá 14 fún èyí tí ó yà ní digírì 45. Ó yẹ kí ọ̀nà fẹ̀ tó, kí awakọ̀ sì wo ọ̀kadà tí ń bọ̀ lẹ́yìn, nítorí pé ọkọ̀ tí ó dábùú yóò dí ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Bí òkè bá ga púpọ̀, táyà kan lè gbéra nílẹ̀ kí ó sì máa yí lásán. Kí awakọ̀ rọra padà sẹ́yìn ni ó dára jù nígbà náà, kì í ṣe kí ó tẹ iná mọ́ ọn.

Lílo bíréèkì pẹ̀lú ní ìgbà tirẹ̀. Nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, ìwúwo ọkọ̀ ń lọ síwájú, imú rẹ̀ sì ń tẹ̀. Nítorí náà, kí awakọ̀ dín eré kù pátápátá kí ó tó dé ibẹ̀, kí ó sì ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì nígbà tí táyà bá fẹ́ kan òkè. Bákan náà ni sísáré kọlu òkè kò wúlò: sípíríìnì yóò tẹ̀ wọlé, ọkọ̀ yóò sì rẹlẹ̀ sí i ní àkókò gan-an tí ó yẹ kí ó ga.

Bí imú ọkọ̀ bá gùn ju ìdí rẹ̀ lọ, fífi ẹ̀yìn wọlé lè yanjú ọ̀rọ̀. Pákó tí ó nípọn náà wúlò. Etí kọ́ńkéré tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 yóò di òkè ìdá 10 nínú 100 péré bí a bá fi pákó tàbí kọ́ńkéré ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mítà 1 sí iwájú rẹ̀.

Àtúnṣe sí ọkọ̀

Ní 1955, ilé-iṣẹ́ Citroën ti ilẹ̀ Faransé gbé ọkọ̀ DS jáde, èyí tí gáàsì àti omi ọ́ìlì ń gbé dúró dípò sípíríìnì irin. Awakọ̀ lè fa ọwọ́ kan nínú ọkọ̀ kí gbogbo ara rẹ̀ ga sókè láti kọjá ní ilẹ̀ tí kò dára. Lónìí, àwọn ọkọ̀ eré sísá kan ní ẹ̀rọ tí ń gbé imú wọn sókè ní sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ bí awakọ̀ bá tẹ bọ́tìnì.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ ni láti ra ọkọ̀ tí ó ga láti ìbẹ̀rẹ̀. Peugeot 504, tí ó jáde ní 1968, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975, gbajúmọ̀ nítorí pé abẹ́ rẹ̀ ga, sípíríìnì rẹ̀ sì lè nà dáadáa. Àwọn mẹkáníìkì tún máa ń fi rọ́bà tàbí irin sáàárín sípíríìnì kí ọkọ̀ lè ga. Èyí ń fi kún àlàfo, ṣùgbọ́n ó ń gbé ìwúwo ọkọ̀ sókè, ó sì lè jẹ́ kí táyà máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan bí wọn kò bá tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ tò.

Àtúnṣe sí àbáwọlé

Ọ̀nà tí ó pẹ́ jù ni láti ṣe àbáwọlé fúnra rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe gíga nìkan ni ọ̀tá ọkọ̀, bí kò ṣe ibi tí gíga ti yí padà lójijì. Nítorí náà, wọ́n máa ń fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó jẹ́ ìdajì òkè náà sí ìsàlẹ̀ àti òkè rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn ju ìjìnnà táyà méjèèjì lọ díẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, mítà 3 ní ìsàlẹ̀ àti mítà 3 ní òkè, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá 10 nínú 100, yóò gbé ọkọ̀ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 60. Mítà 2 tí ó jẹ́ ìdá 20 ní àárín yóò parí sẹ̀ǹtímítà 40 tí ó kù. Ìyípadà tí ọkọ̀ yóò bá pàdé níbikíbi kò ní ju digírì 6 lọ. Bí a bá ka ìdagẹ̀rẹ̀ ojú ọ̀nà mọ́ ọn, kò ní tó 8. Àbáwọlé tí ó jẹ́ mítà 5 tẹ́lẹ̀ di mítà 8, nítorí náà ó gba pé kí géètì wọ inú ọgbà sí i.

Gọ́tà ni ibi tí àtúnṣe onílé kan ti lè di ìpalára fún àdúgbò. Bí wọ́n bá da òkúta tàbí kọ́ńkéré dí gọ́tà kí ọkọ̀ lè rí ibi gbà, omi yóò wá ọ̀nà mìíràn, ìyẹn ojú ọ̀nà tàbí ilé aládùúgbò. Ní 26 oṣù kẹjọ 2011, ìkún omi pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ ní Ìbàdàn, ó wó afárá, ó sì ba dúkìá jẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Dídí ojú omi pẹ̀lú pàǹtírí àti ilé kíkọ́ sí etí odò wà lára ohun tí wọ́n kà sí ìdí rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni pé kí wọ́n ri páìpù tí ó fẹ̀ tó gọ́tà mọ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n fi pèpéle kọ́ńkéré tàbí irin tí a lè ṣí bo gọ́tà, kí wọ́n lè máa kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀. Pèpéle tí a gbé sílẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ọ̀nà ń ṣe ọkọ̀ tí ó rẹlẹ̀ ní àǹfààní, ó sì ń fi ọ̀nà sílẹ̀ fún omi.