Ìdí tí Ọmọ Yunifásítì fi Ń Kúrò ní Kíláàsì Lọ sí Àgbádárìgì

Bí òbí bá ti rán ọmọ rẹ̀ lọ sí yunifásítì, tí ó ti san owó ọdún kìn-ín-ní àti ti ọdún kejì, kò yani lẹ́nu bí inú rẹ̀ kò bá dùn nígbà tí ọmọ náà bá ránṣẹ́ sílé ní ọdún kẹta pé òun ń fẹ́ owó láti kó lọ sí Àgbádárìgì, kí òun sì gbé ibẹ̀ fún odidi ọdún ẹ̀kọ́ kan. Àwọn òbí mìíràn a rò pé ọmọ náà ti sá fún ìwé, tàbí pé wọ́n ti lé e. Ó yẹ kí a la ọ̀rọ̀ yìí yé gbogbo ènìyàn, nítorí àìmọ̀ lè mú kí òbí fa ọwọ́ sẹ́yìn ní àkókò tí kò yẹ, kí ọmọ má sì rí oyè rẹ̀ gbà.

Ọmọ tí ó ń kọ́ èdè Faransé ni ọ̀rọ̀ Àgbádárìgì kàn. Ní ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ níbẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè náà láti oríṣiríṣi yunifásítì lè máa wá lo ọdún kan. Ṣáájú ìgbà náà, ilẹ̀ tí a ti ń sọ Faransé, bíi Tógò àti Senegal, ni a ń rán wọn lọ. Nígbà tí agbára náírà wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986, owó ìrìn-àjò náà di ẹrù tí apá kò ká mọ́. Abúlé yìí ni a fi rọ́pò rẹ̀.

Orúkọ náà tọ́ sí i. Nínú ọgbà náà, Faransé ni a retí pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi kí ara wọn, kí wọ́n máa fi bèèrè oúnjẹ, kí wọ́n sì máa fi jiyàn. Ẹni tí ó kọ́ èdè nínú ìwé nìkan lè kọ ọ́ sílẹ̀ láìsí àṣìṣe, ṣùgbọ́n kí obìnrin ọlọ́jà kan ní Kutonu kàn bá a sọ̀rọ̀ kíákíá, ẹnu rẹ̀ yóò wúwo. Ibodè kò sì jìnnà sí wa. Láti Àgbádárìgì, ènìyàn yóò gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Àjàṣẹ́, olú-ìlú Benin, ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ Dàhòmì nígbà tí ó gba òmìnira lọ́wọ́ ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1960. Ará Ìmẹ̀kọ àti ará Kétu, Yorùbá ni wọ́n fi ń kí ara wọn, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìwé ìjọba, ọ̀kan a kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, èkejì a kọ ọ́ ní Faransé. Ẹni tí ó gbọ́ méjèèjì kò ní ṣe aláìníṣẹ́ láàrin wọn.

Àwọn ẹlòmíràn náà ń ṣe irú èyí. Láti ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ yunifásítì Amẹ́ríkà tí wọ́n ń kọ́ Yorùbá ti ń wá sí Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń ná ata ní ọjà Bódìjà yóò mọ̀ pé kì í ṣe inú ìwé ni ó ti kọ́ ọ.

Ti àwọn tí ń kọ́ sáyẹ́ǹsì yàtọ̀. Iṣẹ́ ni a ń rán wọn lọ kọ́, ó sì sábà máa ń gba oṣù mẹ́fà. Àjọ I.T.F., tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1971, ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní ọdún 1973, nítorí àwọn agbanisíṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ ìwé ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò mọ iṣẹ́. Ọmọ tí ń kọ́ kẹ́mísìrì lè lọ sí ilé-iṣẹ́ omi ẹ̀rọ, kí ó máa wọn oògùn tí a ń dà sínú omi kí ó tó di mímu. Ojoojúmọ́ ni yóò máa kọ ohun tí ó ṣe sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ yóò fọwọ́ sí i, olùkọ́ láti yunifásítì a sì wá bẹ̀ ẹ́ wò. Máàkì rẹ̀ wà lára èyí tí a fi ń gba oyè.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti dunni jù. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni ó sábà máa ń wá ibi iṣẹ́ náà. Ọmọ ẹni tí ó mọ ènìyàn a tètè rí ibi tí ó dára; ọmọ àgbẹ̀ a gbé lẹ́tà kiri títí bàtà rẹ̀ yóò fi jẹ, nígbà mìíràn a sì lọ jókòó sí ìsọ̀ ẹnìkan, kí ó máa kọ iṣẹ́ tí kò ṣe sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í sanwó fún wọn, nítorí náà owó ọkọ̀ àti oúnjẹ yóò wá láti ilé. Kí òbí bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ní ilé-ìwòsàn ìjọba, ní ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ní ilé-iṣẹ́ omi, ó kéré tán oṣù mẹ́ta ṣáájú.

Ọmọ tí a rán lọ ní tòótọ́ yóò ní lẹ́tà láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí ó sọ ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Kí òbí bèèrè fún un kí ó tó sanwó. Bí ọmọ sáyẹ́ǹsì bá wá sílé lópin oṣù, kí ó mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dání. Òbí tí kò bá lè ka Gẹ̀ẹ́sì lè gbé e tọ ẹni tí ń tọ́jú iyàrá ìkàwé lọ, kí ó kà á fún un.