Bí Ẹ̀kọ́ Montessori Ṣe Ń Lọ

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ kíláàsì Montessori gidi lè máa wá tíṣà kiri. Kò sẹ́ni tó dúró síwájú pátákó tó ń pè, tí àwọn ọmọ ń gbè. Ọmọ kan jókòó sórí ẹní, ó ń to igi. Òmíràn ń da omi láti inú ife kan sí èkejì. Ẹ̀kẹta ń nu tábìlì tí kò tilẹ̀ dọ̀tí. Tíṣà wà ní kọ̀rọ̀, ó lóṣòó ti ọmọ kan ṣoṣo, ohùn rẹ̀ kò sókè.

Dókítà oníṣègùn, ará Ítálì, ni Maria Montessori tó dá ọ̀nà ìkọ́mọ yìí sílẹ̀. Ní àdúgbò San Lorenzo ní Róòmù, níbi tí àwọn mẹ̀kúnnù pọ̀ sí, àwọn tó ni ilé rí i pé bí òbí bá ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé lọ a máa ba ògiri jẹ́. Wọ́n ní kí Montessori wá bá wọn bójú tó àwọn ọmọ náà. Ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1907 ló ṣí yàrá àkọ́kọ́, Casa dei Bambini, ìyẹn Ilé Àwọn Ọmọdé. Kí ògiri má baà bàjẹ́ ni wọ́n ń wá o.

Ẹ wo ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò rẹ̀. Pákó gbọọrọ kan ni, wọ́n gbẹ́ ihò mẹ́wàá sí i, igi róbótó mẹ́wàá tó ní orí tí ọmọ lè fi ìka dì mú ló ń wọ inú àwọn ihò náà. Kò sí méjì tó dọ́gba. Bí ọmọ bá ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ihò tó fẹ̀, yóò wọlé, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé ìparí, igi tó sanra ni yóò kù sí i lọ́wọ́, ihò tó ṣẹ́ kù kò sì ní gbà á. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Òun fúnra rẹ̀ á wo ọwọ́, á wo pákó, á tú u, á tún un tò. Montessori kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́ta kan tó tò ó tó sì tú u ní ìgbà 44. Wọ́n gbé e tòun ti àga rẹ̀ sórí tábìlì, ó gbá pákó rẹ̀ mọ́ra, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Àwọn ọmọ yòókù ń kọrin, kò gbójú sókè.

Ìdí nìyí tí wọn kì í fi lu agogo já ọmọ lẹ́nu iṣẹ́. Fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta gbáko ni wọ́n ń fi sílẹ̀ láàárọ̀.

Ní ti àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, iṣẹ́ ilé ló pọ̀ jù: ìbọ̀sẹ̀ wíwọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbó, ilẹ̀ gbígbá. Tíṣà á gbé tíree kan wá, jọ́ọ̀gì kékeré méjì wà lórí rẹ̀, ìrẹsì wà nínú ọ̀kan. Á rọra dà á sínú èkejì, kò ní sọ̀rọ̀ títí yóò fi parí, torí ọmọ ọdún méjì kò lè máa wo ọwọ́ kó tún máa gbọ́ àlàyé. Bí ìrẹsì kò bá dà sílẹ̀ mọ́, omi ló kàn. Kànìnkànìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíree: ẹni tó bá da omi sílẹ̀ ni yóò nù ún. Jọ́ọ̀gì náà kì í sì í ṣe oníke, tánganran tàbí gíláàsì ni. Ó lè fọ́, ọmọ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó lè fọ́.

Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní orúkọ nǹkan, ìpele mẹ́ta ni, ọ̀dọ̀ Édouard Séguin, dókítà ará Faransé, sì ni Montessori ti mú un. “Èyí tóbi, èyí kéré.” Lẹ́yìn náà: “Mú èyí tó tóbi fún mi.” Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n tó bi í pé: “Báwo ni èyí ṣe rí?” Bó bá ṣì í, tíṣà kò ní jágbe mọ́ ọn, á palẹ̀ mọ́, ó di ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó kàwé lábẹ́ pàṣán lè pe èyí ní àkẹ́bàjẹ́. Àkẹ́bàjẹ́ kọ́. Ọ̀kan péré ni wọ́n ń pèsè nínú ohun èlò kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ èyí tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Ohun tí wọn kò tíì fi hàn án, kò lè mú un. Ibi tó ti mú nǹkan náà ló gbọ́dọ̀ dá a padà sí.

Montessori àti ọmọ rẹ̀, Mario, dá ẹgbẹ́ Association Montessori Internationale sílẹ̀ ní 1929, ẹgbẹ́ náà sì ń kọ́ àwọn tíṣà títí di òní. Ṣùgbọ́n orúkọ Montessori kò sí níkàáwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wù ú lè kọ ọ́ sára pátákó ilé ìwé rẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ nílẹ̀ wa. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ti pátákó ṣe. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún wákàtí kan. Ẹ wò ó bóyá ọwọ́ ọmọ tó ohun èlò, tàbí inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n tì í mọ́. Bí wọn kò bá gbà kí ẹ wọlé, ẹ mú ọmọ yín lọ síbòmíràn.