Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Tí Wọ́n Ń Tà Nítòsí Èbúté Wárí

Ẹ̀yin ará wa, ẹgbẹ́ wa ń gbèrò àtira ọkọ̀ ojú omi àlòkù kan tí a ó máa fi kó èrò. Ọkọ̀ ìpẹja onígi ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó kọ́ yàrá olówó sí i.

Owó rẹ̀ kò gara. Abẹ́ rẹ̀ ló ń bà wá lẹ́rù. Ọkọ̀ tó bá ń ná ọ̀nà Escravos ń wọ omi iyọ̀, kòkòrò ibẹ̀ a sì máa jẹ igi láti inú. Ẹ fà á gun ilẹ̀ kí a wò ó, ẹni tó ń tà á ní ọ̀dà tuntun ti tó. Ọ̀dà kẹ̀!

Ní 2023, ilé aṣojú-ṣòfin yí bílíọ̀nù 5 náírà ọkọ̀ ìgbafẹ́ Ààrẹ sí ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Owó ìjọba nìyẹn. Èésú àwọn ìyá ọlọ́jà ni tiwa. Bí kò bá fà á sókè, a kò ní san kọ́bọ̀.