Èéfín Tí Ń Ti Ọ́ìlì Jáde Nínú Ẹ́ńjìnnì Onítọ́bò

Bí ọ́ìlì bá ń kán tó-tó-tó lábẹ́ Volvo 850 onítọ́bò, ọkọ̀ àwọn ará Sweden tí ó gbajúmọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1995, síìlì ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń sáré pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ láìwádìí fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Nígbà tí epo bá gbiná lórí písítìn, díẹ̀ nínú èéfín rẹ̀ a yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rìǹgì sọ̀kalẹ̀ sínú ikùn ẹ́ńjìnnì, àgàgà nígbà tí tọ́bò, a-sọ-kékeré-dalágbára, bá ń ki afẹ́fẹ́ wọlé tipátipá. Àpótí kékeré kan àti àwọn hóòsì rẹ̀ ni ó yẹ kí èéfín náà bá jáde. Bí ìdọ̀tí dúdú bá dí wọn, èéfín náà a ti ọ́ìlì gba ẹnu síìlì jáde, nígbà mìíràn a tilẹ̀ ta ọ̀pá gééjì sókè.

Láti mọ̀ bóyá wọ́n ti dí, ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ so ìbọ̀wọ́ rọ́bà mọ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì sì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́. Bí ìbọ̀wọ́ náà bá wú, tí ó nàró bí ọwọ́ ẹni tí ń júwe ọ̀nà, àpótí àti hóòsì ni kí a kọ́kọ́ pààrọ̀, kí síìlì tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá tún wú lẹ́yìn èyí, rìǹgì ni ó ti jẹ, owó gọbọi sì nìyẹn.