Kí A Tó Gbé Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Sọdá Òkun

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn àti káàkiri Òkè-Ògùn, lóde òní, àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti oníṣẹ́ ọwọ́ láàrin wa ń ṣí lọ sí Ìlú Ọba, Kánádà àti Amẹ́ríkà. Bí físà bá ti jáde, ìbéèrè kan kì í pẹ́ dé: kí ni ká ṣe sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wa? Ṣé ká gbé e sínú ọkọ̀ òkun ni, àbí ká tà á? Ìdáhùn wa ni pé, fún èyí tó pọ̀ jù nínú wa, títà ló dára jù. Ṣùgbọ́n ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́sẹẹsẹ, kí oníkálukú lè ṣírò tirẹ̀.

Ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún

Àwọn àgbà wa rántí pé ọwọ́ òsì ni a ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà, títí ìjọba fi yí i sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin, ọdún 1972. Ghana náà yí tirẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, ọdún 1974. Ìdí nìyí tí sítíárìn ọkọ̀ wa fi wà lápá òsì. Ìlú Ọba kò yí tirẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ṣì ń gbà. Òfin wọn kò ka ọkọ̀ bíi tiwa léèwọ̀, ṣùgbọ́n etí títì ni awakọ̀ rẹ̀ yóò jókòó sí. Bí ó bá fẹ́ kọjá lára tírélà, àfi kó kọ́kọ́ yọ imú ọkọ̀ jáde kó tó rí ohun tó ń bọ̀ níwájú. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì mìíràn kì í fẹ́ gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó bá sì gbà á lè bu owó lé e. Ọkọ̀ náà yóò tún nílò àtúnṣe sí iná iwájú, agogo eré tó ń fi máìlì hàn, àti iná kúrukúru lẹ́yìn.

Owó tí à ń san ní ibodè

Ní Ìlú Ọba, owó ibodè lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jẹ́ ìdá 10 nínú 100, owó orí ọjà sì jẹ́ ìdá 20. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Bí iye ọkọ̀ pẹ̀lú owó tí a fi kó o débẹ̀ bá jẹ́ £4,000, owó ibodè yóò jẹ́ £400. Lórí £4,400 yìí ni wọn yóò ti ka ìdá 20, èyí tí í ṣe £880. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £1,280, ọkọ̀ kò sì tíì rin máìlì kan.

Òótọ́ ni pé ìyọ̀ǹda wà fún ẹni tó ń kó lọ máa gbé níbẹ̀, bí ó bá ti gbé òkèèrè fún oṣù 12 ó kéré tán, tó sì ti ní ọkọ̀ náà tó ń lò ó fún oṣù 6. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè fún un, kò sì gbọ́dọ̀ ta ọkọ̀ náà, kó yá ẹlòmíràn tàbí kó fi í háyà fún oṣù 12.

Amẹ́ríkà àti Kánádà ń gba ọwọ́ ọ̀tún bíi tiwa, ṣùgbọ́n òfin mìíràn wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tí a kò ṣe ní ìbámu pẹ̀lú òfin ààbò wọn kì í wọlé gbé níbẹ̀ àfi bí ó bá ti pé ọdún 25 ní Amẹ́ríkà, tàbí ọdún 15 ní Kánádà. Ẹni tó ní tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá lè wo ìwé pélébé tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ti ń jẹ́rìí pé ó bá òfin Amẹ́ríkà mu.

Ká má gbàgbé owó ọ̀nà. Láti Òkè-Ògùn, a ó wa ọkọ̀ náà dé Àpápá tàbí Tin Can ní Èkó. A ó san owó ajẹ́ntì, owó èbúté, owó ọkọ̀ òkun àti ìnṣọ́ránsì, ká tó wá san owó èbúté ti ọ̀hún.

Ti ẹni tó ń ṣí lọ sí Parakou tàbí Kútọnu yàtọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, kò sì sí òkun láàrin wa. Kí ó gba káàdì ìnṣọ́ránsì ECOWAS, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí ní ọdún 1982, kí ó sì bi àwọn aṣọ́bodè léèrè owó tí ẹni tó ń kó lọ pátápátá yóò san.

Gbèsè ẹgbẹ́ ńkọ́?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló jẹ́ pé owó ẹgbẹ́ ni a fi rà á, tí àwọn onídùúró sì fọwọ́ sí ìwé. Bí ọkọ̀ bá ti sọdá òkun tí gbèsè kò tíì tán, ọwọ́ ẹgbẹ́ kò tó o mọ́. Àjẹṣẹ́kù àwọn onídùúró ni a ó máa wò, bẹ́ẹ̀ ìyálọ́jà tàbí àgbẹ̀ tó fi òógùn ojú pamọ́ fún ọdún gbọọrọ ni onídùúró náà lè jẹ́. Àwọn àgbà ní a yá ẹgbàafà a kò san, a bẹ́gi dínà ẹgbèje. Ẹni tó bá ń lọ, kí ó lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n ṣírò ohun tó kù, kí ó san án, kí ó sì gba ìwé pé òun kò jẹ gbèsè mọ́. Bí ó bá fẹ́ fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ láti máa fi ṣiṣẹ́, kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́, kí onídùúró sì mọ̀ sí i.

Ẹ má dúró di ọjọ́ ìkẹyìn

Nígbà tí ìjọba Ghana pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọjọ́ 14, ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá tó wà níbẹ̀ ló ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀, nítorí àyè kò sí mọ́. Ẹni tí kò sí ẹni tó ń lé e kò yẹ kó ta ọkọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ètò ìrìnàjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ti máa wá oníbàárà.

Ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ iye tí ọkọ̀ yín yóò pa níhìn-ín sí apá kan. Ẹ ro gbogbo ìnáwó ọ̀nà, ibodè àti àtúnṣe pọ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè iye tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ ní ibi tí ẹ ń lọ. Bí ti ọ̀hún bá kéré sí àpapọ̀ náà, ẹ ta tiyín níhìn-ín, ẹ san gbèsè ẹgbẹ́, kí ẹ sì mú ìyókù dání. Àjò á dùn o, a ó sì rí yín padà láyọ̀.